Òkè Ṣọ́ọ̀bù Atúnbàtàṣe

Ní Glasgow, lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe,
Selamawit ti débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Ó gbé omi tíì kaná,
ó fèjìká ti fèrèsé ṣí.
Morag, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
ń kọ́ Parwana bí a ti ń kọ "mi ò gbà"
sínú lẹ́tà fún onílé.

Kò sówó oṣù níbẹ̀. Bisikíìtì ló wà,
àti fóònù kan tí kì í sùn.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Selamawit fúnra rẹ̀
jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn nínú òjò,
ọmọ lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ní títì.
Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dé.

Parwana ká lẹ́tà rẹ̀, ó ní:
"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?
Èmi ni màá ṣílẹ̀kùn lọ́la."