Kírẹ́físì

Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ mi, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Winnipeg,
Luzviminda ọ̀gá wa na ọ̀pá rọ́bà kan sí mi,
ti ẹ̀rọ tí ń fa eruku,
ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹnu ẹja gbígbẹ.
Ó ní, kírẹ́físì. Kí n má gbàgbé kírẹ́físì.
Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.
Mo rò pé orúkọ àlejò ni,
ẹnìkan tí wọ́n ń retí ní yàrá irinwó ó lé méje.

Ó rí i lójú mi. Ó kúnlẹ̀,
ó ki ìka bọ àárín ìjókòó àga àti ẹ̀yìn rẹ̀,
ó fa kọ́bọ̀ kan yọ, àti irun, àti èérún bisikíìtì,
àti yẹtí kan tí olówó rẹ̀ ti sunkún rẹ̀ tán.
Ó ní, ibí yìí.
Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ kan lé mi lọ́wọ́ nìyẹn,
tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì alẹ́ mo wá ẹnìkejì rẹ̀ lédè mi.
Ihò? Rárá, ihò rí róbótó, èkúté ló ni ín.
Àlàfo? Ó fẹ̀ jù.
Mo mọ àlàfo: ọdún mẹ́fà tí n kò fojú kan ìyá mi.
Sísán? Ohun tó sán ti ń bàjẹ́ lọ,
bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe àga yẹn, bí wọ́n ṣe kàn án ni.
Mo wá dúró lórí pàlàpálá,
pàlàpálá àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ìdànrè,
níbi tí a ti ń wá ìgbín lẹ́yìn òjò,
tí Adémákinwá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan
tó fi igbe fà á yọ. Àkeekèé.
Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pàlàpálá àga rí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ọmọdé ṣe ń lo fìlà tuntun.
Mo ní yìnyín wọ kírẹ́físì bàtà mi.
Mo ní oòrùn gba kírẹ́físì kọ́tìnì wọlé,
Luzviminda bú sẹ́rìn-ín:
èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ó lórúkọ tirẹ̀.
Kírẹ́físì, nǹkan ń wọ̀ ọ́ ni,
nǹkan kì í gba inú rẹ̀ já.

Ìbíyẹmí ọmọ mi pé mẹ́tàlá.
Dókítà eyín gbé àwòrán síwájú mi,
ó fi gègé tọ́ka sí àárín eyín iwájú méjèèjì.
A lè dí i. Wáyà, oṣù mẹ́rìndínlógún, iye owó rèé.
Mo béèrè orúkọ ohun tó ń tọ́ka sí,
ó pe ọ̀rọ̀ kan tó gùn bí orúkọ oògùn kòkòrò.
Mo ní, nílé wa, èjí ni.
Mo ní bàbá mi kọ́kọ́ rí ẹ̀rín náà
kó tó wo ẹni tó ni ín.
Dókítà mi orí bí ẹni tó gbọ́.
Mo mọ irú mímì orí yẹn.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi fọwọ́ bo ẹnu bó ti máa ń ṣe.
Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì ń sọ pé nǹkan á máa há sí i.
Ó kù díẹ̀ kí n ní, bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan há sí i,
ìyá àgbà rẹ há sí i, òun àti gbogbo àpáta Ìdànrè.
Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìyá àgbà jẹun ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́.

Ìwé àdéhùn náà wà lórí fìríìjì títí di alẹ́ àná.
Ó já bọ́ sẹ́yìn, sáàárín òun àti ògiri.
Mo mọ ọ̀pá tí mo lè fi fà á yọ.
Mo mọ orúkọ ibẹ̀ pẹ̀lú.