Láti Òkun dé Okùn

Agogo mẹ́fà ààbọ̀, oòrùn ò tíì yọjú lẹ́yìn òkè,
Sakeláris ti gbé okùn kọ́ èjìká bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.
A fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí igi ólífì.
Ewúrẹ́ kan ń wò wá láti orí àpáta,
ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́
bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó.

Èmi Temelína, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní èbúté,
ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta,
tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́,
èmi náà ni mo ń so okùn mọ́ ìbàdí yìí.
Mo ta kókó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.
Sakeláris tún bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.
Ojú ẹnì kan kì í tó kókó wò.

Ní Kálímnọ̀s tiwa, ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ.
Bàbá mi àgbà a gbá òkúta pẹlẹbẹ mọ́ àyà,
a bẹ́ sínú òkun lọ ká kànìnkànìn
tí àwọn ọlọ́lá ìlú òkèèrè yóò fi ha ẹ̀yìn.
Ọdún mọ́kànlá ló fi ká a.
Ní ọdún kejìlá, ó yára gòkè ju bó ti yẹ lọ.
Òkun gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì,
ó dá ìyókù padà fún wa.
Lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo ti mọ̀ ọ́n,
ó kẹ̀yìn sí omi,
òkè ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́.
N kò bi í léèrè ìdí. Ọmọdé ni mí nígbà náà,
ohun tí wọ́n ń sè ní ilé ìdáná ló jẹ mí lógún.

Mo fi ẹfun pa ọwọ́. Mo ti ìka mẹ́ta
bọ ihò tó gba méjì àti ààbọ̀.
Ẹsẹ̀ òsì. Èémí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.
Ohùn ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ bá mi dé ìdè kẹta,
ó bojú wolẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó padà.
Gbèsè ilé ìfowópamọ́ tiraka dé ìkarùn-ún.
Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti òkúta nìkan ló kù,
òkúta tó ń ro wálẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́,
tí kò béèrè ọmọ ta ni mí.

Níbi tí àpáta ti yọ ikùn síta
ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìránṣọ.
"Mo dì ọ́ mú!" Sakeláris ké láti ilẹ̀.
Mo na ọwọ́.
Ó ku bí ìbú èékánná kan.
Mo já bọ́.

Òkun ló gba ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà.
Okùn ló gbà mí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.
Mo rọ̀ dirodiro, mo ń yí díẹ̀díẹ̀,
títí ojú mi fi kọ sí omi:
Telẹ́ndọ̀s níwájú, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á lórí,
ọkọ̀ agogo méje ń fi ìlà funfun sára omi,
àwọn tí mo já tíkẹ́ẹ̀tì fún lánàá wà nínú rẹ̀,
ó ń lọ, kò sì nílò mi rárá.
N kò rántí ìgbà tí ohunkóhun ti fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀
tí inú mi sì dùn.
Okun rọra ń padà sí ìka mi.
"Ṣé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"
Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

N kò dé ṣóńṣó. Bóyá lọ́jọ́ Ajé.
Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi ò kúrò nídìí ààrò.
"Àpáta tí kò so ólífì," ó ní, "kí lo rí ká lára rẹ̀?"
Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i,
funfun, bíbó, òfìfo.
Ó wò ó pẹ́.
Ó bu búrẹ́dì gbígbóná lé e.