Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlélógún

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé
ní ọ́fíìsì àgbègbè ní Baramulla,
níbi tí òjò dídì ti ń bo fèrèsé láti Oṣù Kejìlá.
Ọwọ́ mi yá. Ojú mi kì í wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Wọ́n á gbé ìwé àtijọ́ fún mi, wọ́n á ní:
yí déètì padà, fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ orúkọ Showkat Tantray,
ọmọ Hajra, agbẹ́gilére, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
ẹni tí ìjọba gbà pé ó lè ṣe nǹkan.
Wọn ò ní ó ṣe é. Ó lè ṣe é.
Ta ni kò lè ṣe é?

N kò ní purọ́: bọ́ǹbù kì í ṣe àlọ́ níbí.
Ọkọ àbúrò mi lọ ra bàtà ọmọ lẹ́bàá báńkì,
ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá bá wa.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n tẹ orúkọ gbogbo àfonífojì yìí,
ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán kílẹ̀ tó mọ́.

Ṣùgbọ́n wọn ò bi Showkat nípa bàtà yẹn.
Wọn ò bi í ní nǹkan kan.
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá là ń pè ní òṣìkà;
ẹni tí kò gbẹ́jọ́ rárá ńkọ́?

Nígbà tí ápù pọ́n, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìwé náà.
Inú mi dùn. Mo mu tíì oníyọ̀, ife méjì.
Ní aago mẹ́rin, ọ̀gá gbé bébà funfun síwájú mi.
Showkat kò tíì dé ẹnu géètì
tí ìwé tuntun fi pàdé rẹ̀,
ìgbóná ọwọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀.
Wọ́n gbé e lọ sí Agra, níbi tí oòrùn ti ń yan ògiri.

Lẹ́yìn ìdìbò, Hajra wá sí fèrèsé mi,
ìkòkò ẹyín-iná wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀.
Ó na ìka: tàdáwà dúdú lórí èékánná.
"Èmi náà dìbò. Wọ́n ní gbogbo wa la nìlú."
Nígbà tó tún padà wá, tàdáwà ti sún sókè,
ó ku bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Nígbà tó tún wá, ó ti gé e dànù.
Kò sí ẹni tó tíì pe ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́.

Àná ló di àsálà sínú áńkáṣífù fún mi.
Ó ní, "Ọmọ mi pé méjìdínlọ́gbọ̀n lónìí."
Mo wo ohun tó wà níwájú mi.
Ìwé kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ̀ ẹ́, kò fi ọjọ́ kan dàgbà.

Mo pa á rẹ́. Mo tẹ méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ohun tí èmi lè ṣe nìyẹn.
Ọ̀gá buwọ́ lù ú láì kà á.
Àsálà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi,
n kò tíì lè fọ́ ọ.