Pẹ́ńsù Ẹ̀yìn Etí

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń la igi n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Mo mọ arère, mo mọ ọmọ̀, mo mọ ìrókò,
mo mọ èyí tí ń sunkún lẹ́nu ayùn.
Ẹ̀dọ̀fóró ni n kò mọ̀,
àfi fùkù orí àtẹ alápatà,
ẹran tí í léfòó lójú ọbẹ̀
bí ẹni tí kò gbà pé òun ti kú.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Abọ́sẹ̀dé.
Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú ilé wa;
ó ń sinmi lórí ìkejì.

Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ṣágámù.
Dókítà Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ ní ká dúró de òkú
(ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó wo ilẹ̀),
kí á gba ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà,
kí á gé etí rẹ̀ kúrò títí yóò fi bá àyà ọmọ mu.
Dókítà Adésẹ̀yẹ ní ojú ibi tí a bá gé lè máa jo;
kí alààyè méjì dá a jọ,
kí oníkálukú yọ awẹ́ kan, bí awẹ́ obì.
"Ẹni mẹ́ta lórí tábìlì nítorí ẹnì kan?"
"Bí a bá dúró, tó kú ńkọ́?"
Wọ́n tún jà dé ọ̀nà tí ọ̀bẹ yóò gbà:
ṣé láti abíyá dé abíyá, kí àyà ṣí bí ìdérí àpótí,
àbí láàárín egungun ìhà, kí egungun àyà lè wà lódidi.

Èmi ò sọ̀rọ̀. Pákó ni mo fi ń rò ó.
Èyí tó gùn, a lè gé e.
Èyí tí mo bá gé kúrú, n kò rí i fà gùn mọ́.
Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú kì í hù padà.

Mo ní, "Ẹ yọ awẹ́ tèmi."
Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gbé e sójú iná.
Adésẹ̀yẹ dákẹ́ pẹ́.
"Bàbá, eruku igi ti gba ibẹ̀."
Eruku tó kọ́lé fún mi, tó san owó ilé-ìwé,
inú mi ló fi ṣe ibùgbé.

Ìyá rẹ̀ gbà. Ó ku ẹnì kan.
Ọnáfúwà àbúrò mi ló wọlé,
ẹni tí èmi àti ẹ̀ kò kí ara wa
láti ìgbà tí a ti pín ilẹ̀ Òkè-Àgbò.
Kò wo ojú mi. Ó ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Lóru, mo fi tépù wọn àyà ọmọ náà,
bí ẹni ń wọn férémù ilẹ̀kùn.
Ó lajú: "Bàbá, ṣé mo ń ga ni?"
Mo ní ó ń ga.

Wọ́n gbé ìwé wá. Àwọn dókítà kò tíì fohùn ṣọ̀kan.
Mo fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí.
Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, báírò ni.
Pẹ́ńsù ṣe é pa rẹ́."
Mo ní ìdí tí mo fi ń lò ó nìyẹn:
n ó fàlà, n ó pa á rẹ́, n ó tún fàlà,
kí ayùn tó dé.
Ó na báírò sí mi.