Imú Vendel

Ọkọ mi Vendel ló ń wakọ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
Morzsa ajá wa ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.
Gíláàsì fèrèsé ọ̀tún ti fọ́ láti ọdún méje,
páálí la fi dí i.
Oṣù Kẹjọ ni. Ọ̀dà ojú títì ń yọ́ bí ọ̀rá,
adágún Balaton wà lápá òsì wa,
ó ń yọjú, ó ń fara pamọ́
láàárín ilé àti igi
bí ọmọ tó ń wo àlejò láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Ọgbọ̀n ọdún ni Vendel fi ṣe olórí àjà ilẹ̀ ọtí ní Badacsony.
Ó lè gbóòórùn òjò èṣí nínú ife kan.
Ó ní òun mọ àjàrà tí wọ́n já láàárọ̀
yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n já lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.
Àwa rẹ́rìn-ín. Kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kejì, dókítà gbé àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sókè síná.
Ó ní, Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀kán kan, kò sí mọ́.
Vendel ò jiyàn. Ó kàn béèrè pé,
gbígbóòórùn rẹ̀ ńkọ́?
Dókítà wò ó títí.
Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé.

Ohun tó gbé wa jáde nìyẹn,
láti Révfülöp dé Szigliget, àjà ilẹ̀ kan dé òmíràn.
Èmi ń mu, mò ń gbádùn ara mi, kí n má purọ́.
Òun ń ti imú bọnú ife,
á dijú, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀,
á sì dá ife padà bí ẹni dá ọmọ ọlọ́mọ padà.
“Kéknyelű,” àjàrà eléèkù búlúù.
“Òkúta dúdú. Iyọ̀ díẹ̀.
Ẹnì kan kánjú já eléyìí.”
Hajnalka tó ń bu ọtí fún wa pọ́n dé etí:
bàbá òun ló kánjú, yìnyín ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnì kan to píìṣì sórí tábìlì,
agolo owó nìkan ló ń ṣọ́ ọ.
Vendel ju ẹgbẹ̀rún fọ́ríntì sí i, ó mú mẹ́fà,
ó jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí ìdúró,
omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́,
ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ayé jẹ ní gbèsè.
Kò fi ọ̀kan lọ̀ mí.

Wọ́n ní omi tí ẹni yóò mu
kì í ṣàn kọjá ẹni.
Mo rò ó lọ́nà Tihany, mi ò sọ ọ́ síta:
èyí tí ẹni ò ní mu mọ́ ńkọ́?
Ṣé dandan ni kó máa kọjá lójoojúmọ́
pẹ̀lú àwọ̀ oyin yẹn?

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá pẹ̀lú mọ́tò wa.
Àwọn ará Austria kan wà níwájú, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin lórí ọkọ̀ wọn,
ọmọ wọn ń sunkún áísìkiriìmù tó já bọ́.
Ní Szántód, omi ò jìn rárá.
Vendel ká ṣòkòtò, ó wọ̀ ọ́.
Ó rìn, ó rìn,
omi ò kọjá orúnkún rẹ̀,
orí funfun rẹ̀ kéré títí ó fi dà bí ẹyẹ.
Mo pè é. Kò gbọ́.
Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi,
tó gbé e síwájú imú.

Ìgbà tó padà dé, mo ní, kí ló ń rùn?
Ó ní, “Ẹja. Epo ọkọ̀.
Ìpara àwọn ará Austria.”
Ó jókòó, ó ń gbọn iyanrìn inú bàtà rẹ̀,
ẹsẹ̀ kan, ó pẹ́, ẹsẹ̀ kejì.
“Ọdún tó dáa ni,” ó wí,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.