Gbèsè Ẹyin Mẹ́fà

Nínú àjà ilé Dókítà Ọ̀ṣúngbohùn, ní Òkè-Báálẹ̀,
àwọn káfíńtà tó ń tú páànù rí ìwé kan.
Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán,
ṣùgbọ́n tàdáwà inú rẹ̀ kò tíì gbàgbé ẹnìkan.
Wọ́n gbé e tọ̀ mí wá, èmi tísà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe kọ ọ́:
"Àkànmú, onípákó, egbò ẹsẹ̀. Ó san ṣílè méjì.
Ìyàwó Gbọ́láwọyè, ibà. Yóò gbé iṣu wá lẹ́yìn ìkórè.
Ọmọ kékeré kan láti Kẹ́lẹ̀bẹ̀. A pẹ́ jù."
Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta.

A pẹ́ jù.
Kò kọ ọ́ pé wọ́n pẹ́ jù.

Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn nígbà náà,
àpò awọ lẹ́yìn, àtùpà lọ́wọ́.
Bí Ọ̀ṣun bá kún, á gbé kẹ̀kẹ́ lérí,
á la omi kọjá bí ẹni tí odò jẹ lówó.
Inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru o!
Ó bú ìyá àgbà kan lójú gbogbo ilé
torí ó fi ìgbẹ́ màlúù dí ìwọ́ ọmọ tuntun.
Nígbà tó di alẹ́, ó padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ojú ewé kejìlélógójì ni mo ti bá ìyá mi:
"Àwẹ̀ró, aláró, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Ẹsẹ̀ lọmọ fi jáde.
Òru méjì. Àwọn méjèèjì yè.
Ẹyin mẹ́fà. Kò tíì mú un wá."

Ìgè ni wọ́n ń pè mí.

Mo ra ẹyin mẹ́fà, mo dì wọ́n sínú gèlè.
Ní ojúde ilé náà, ọmọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe
níbi tí àwọn aboyún ti máa ń jókòó.
"Ta ni kí n gbé e fún, màmá?"
Dókítà ti kú láti bí ogójì ọdún.
Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun.
Mo ní, "Ìwọ ni kí o jẹ ẹ́. Yá mi ní báírò rẹ."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìyá mi, mo kọ ọ́: Ó ti mú un wá.
Mo ṣí ìwé padà síbi ọmọ Kẹ́lẹ̀bẹ̀,
mo di báírò mú títí,
mo dá a padà fún ọmọ onífóònù.