Òṣùwọ̀n Tanímọ̀la

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn kòkó l'Ókè-Ṣópẹ̀n,
àpò lẹ́yìn àpò, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ń gbọ̀n bí ìka arúgbó.
Kò sí àgbẹ̀ Atíkòrí tó lè bu omi sí kòkó kó wúwo
kó gbé e kọjá lójú mi.
Ṣùgbọ́n n kò wọn ajá mi.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ló bẹ̀rẹ̀.
Tanímọ̀la, tó máa ń sáré pàdé mi nídìí igi ọsàn,
ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta lórí àpò ògbólógbòó
kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gbé e.
Mo mọ ìdìde yẹn.
Orúnkún tèmi náà ń bá mi ṣẹjọ́ láràárọ̀.
Mo ní, àwa méjèèjì la jọ darúgbó, ká jọ lo oògùn.
Mo mú hóró pupa kan nínú èyí tí wọ́n fún mi ní Jẹ́nẹ́rà,
mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkọ́kọrẹ́.
Ó jẹ ẹ́. Ó lá ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo fún un ní méjì, torí ó ti ń sáré díẹ̀.
Mo fi òróró ẹja tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba kún un,
àti ẹ̀tù kan tí ọkọ̀ akéde ń tà kiri,
tó ń mú eegun le, wọ́n ní,
t'èèyàn, t'ewúrẹ́, t'adìẹ.

Lọ́jọ́ karùn-ún kò jẹun.
Ohun tó yà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bí ọ̀dà.

Mùfú fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí Àgọ́-Ìwòyè,
ajá láàárín wa bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Ọmọbìnrin Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀, dókítà ẹran, kò bú mi.
"Bàbá, kí lẹ fún un?"
Mo dákẹ́.
Ó tún bi mí.
Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde lápò ṣòkòtò, títí kan ẹ̀tù ọlọ́kọ̀.
"Ohun tó ń tu orúnkún yín lára, ikùn rẹ̀ ló ń bó.
Ẹ sì tún kó àlejò mẹ́ta wọ inú ilé kan,
ẹ ò bi wọ́n bóyá wọ́n rẹ́."
Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Kílò mẹ́rìnlá.

Àpò kòkó kan, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta:
bí ẹ jí mi lóru, màá sọ ọ́.
Ẹni tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà mi láti ọdún mọ́kànlá,
n kò mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni omi fi ń kán sí iṣan rẹ̀.
Ó ti padà sílé báyìí. Ó ní oògùn tirẹ̀,
ìdajì hóró lẹ́yìn oúnjẹ, orúkọ rẹ̀ lára ike,
lórí pẹpẹ ọ̀tọ̀, jìnnà sí tèmi.
Òróró ẹja ṣì wà níbẹ̀. Dókítà ní kí n dúró ná.
Mo dúró.

Àánú ló ṣe mí, òótọ́ ni.
Àánú ò sì ní abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú kó tó dìde.
Ó wá gbé àgbọ̀n rẹ̀
lé orúnkún tó ń dùn mí.